Ilé orí táyà létí òkun: ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Bí ẹnìkan bá wa hummer bus wọ ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó ní òun fẹ́ sọ ọ́ di ilé tí òun á máa gbé, ohun tí káfíńtà máa kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ọ̀gá, apá ibo lẹ fẹ́ kí bẹ́ẹ̀dì wà?" Ìbéèrè tó dáa ni, fún ẹni tó fẹ́ máa wakọ̀ láti Ìlọrin dé Àbújá. Fún ẹni tó fẹ́ gbé ọkọ̀ náà lọ sí erékùṣù tí wọ́n ti ń mòòkùn, bẹ́ẹ̀dì kọ́ ni ìpìlẹ̀ ilé. Aṣọ rọ́bà tí amòòkùn ń wọ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú òkun, tí omi iyọ̀ ṣì ń kán tó, tó, tó lára rẹ̀, ibo ló máa sùn mọ́jú? Ibẹ̀ ni ìpìlẹ̀. Tí a bá ti rí ibẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀dì, ibi ìdáná àti kọ́bọ́ọ̀dù á wá àyè ara wọn. Tí a ò bá rí ibẹ̀ ṣe, ọkọ̀ tó rẹwà jù lọ ní gbogbo Tákìẹ́ l'Ógbómọ̀ṣọ́ á jẹrà láti ilẹ̀ wá, ẹni tó ń sùn lórí rẹ̀ ò sì ní mọ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi máa rì.

Erékùṣù Sal ní Cape Verde ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, ìdí sì wà. Ọ̀kan lára erékùṣù 10 tó para pọ̀ di orílẹ̀-èdè yẹn ni, Cape Verde sì wà nínú ECOWAS bíi tiwa. Àdéhùn tí ECOWAS ṣe lọ́dún 1979 gba ọmọ orílẹ̀-èdè kan láàyè kó wọ òmíràn láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́. Àwọn tó mọ̀ nípa ìyẹn pọ̀. Àwọn tó mọ̀ pé àdéhùn kan náà gba ọkọ̀ àdáni láàyè fún 90 ọjọ́ ò pọ̀. Ọkọ̀ èrò tàbí ọkọ̀ akẹ́rù kì í rí ju ọjọ́ 15 lọ. Nítorí náà, hummer bus tí ìwé rẹ̀ ṣì ń pè é ní ọkọ̀ èrò, ẹ kọ́kọ́ yí ìwé náà padà sí ti àdáni kí ẹ tó yọ àga kankan kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé ìgbélùú ni kó lọ gbà. Àfikún àdéhùn tí wọ́n ṣe lọ́dún 1986 ló dá lórí ẹ̀tọ́ yẹn.

Ohun mìíràn tó jẹ́ kí Sal rọrùn fún wa ni pé apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń wakọ̀, iná wọn sì jẹ́ 220 fóòtì, 50 Hz, kò jìnnà sí tiwa, àyàfi pé ẹnu pọ́lọ́ọ̀gì wọn jẹ́ oníhò róbótó méjì. Èdè Potogí ni wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì. Owó wọn, escudo, kì í yí padà sí Euro: escudo 110.265 ni Euro kan. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Monte Grande tó ga jù lọ níbẹ̀ kò ju 406 mítà lọ, bẹ́ẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ níbi tó tẹ́ sí yìí ti ju 300 mítà lọ sókè òkun. Ẹ́ńjìnnì ò ní ṣiṣẹ́ gígun òkè kankan níbẹ̀.

Àwọn tó ti ka nǹkan nípa ìmòòkùn á bèèrè pé kí ló dé tí kì í ṣe Bonaire, erékùṣù àwọn ará Netherlands nínú òkun Karibíànì. Lóòótọ́, tí a bá ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti òkun, kò sí ibi tó dà bí i. Òkúta tí wọ́n kùn ní ọ̀dà ìyeyè ni wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ títì láti fi han ibi tí èèyàn ti lè páàkì, kó gbé sìlíńdà afẹ́fẹ́ tó máa mí kọ́ ẹ̀yìn, kó sì fẹsẹ̀ rìn wọ omi. Ọdún 1979 yẹn kan náà ni wọ́n sọ òkun tó yí i ká di ọgbà ìdáàbòbò. Ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ jìn sí wa, iná ibẹ̀ sì jẹ́ 127 fóòtì. Ní Sal, ọkọ̀ ojú omi ló máa ń gbé ọ̀pọ̀ amòòkùn láti Santa Maria tàbí Palmeira lọ síbi tí wọ́n ti ń mòòkùn. Ìyàtọ̀ yìí kan iṣẹ́ káfíńtà. Ní Bonaire, ẹ gbọ́dọ̀ ṣe àyè fún sìlíńdà. Ní Sal, ilé iṣẹ́ ìmòòkùn ló ń pèsè sìlíńdà, ẹ̀yin á gbé aṣọ, ẹ̀rọ ìmí, bàtà lẹ́bẹ́ àti awò ojú wá. Ẹ má ru sìlíńdà lọ. Aluminiọ́mù kan ṣoṣo tí wọ́n rọ afẹ́fẹ́ sí wọn tó nǹkan bíi kílò 17, tí kò bá sì ní okùn tó dè é mọ́lẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì ló máa di ọta ìbọn.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ iyọ̀. Sal ní èdè Potogí, iyọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Inú ihò òkè ayọnáyèéfín tó ti kú ní Pedra de Lume ni wọ́n ti ń wa iyọ̀ láyé àtijọ́, adágún iyọ̀ náà sì wà níbẹ̀ dòní. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ níbẹ̀ ń bọ̀ láti àríwá ìlà-oòrùn, ní ìhà ibi tí ọyẹ́ tiwa náà ti ń wá, ó sì máa ń gbé eruku Sàhárà dé ọ̀dọ̀ wọn bó ṣe ń gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ò ní ṣe àjèjì sí i. Ohun tó máa ṣe àjèjì sí ni òjò. Níbí, bí eruku bá bo ọkọ̀ láti oṣù Kejìlá, òjò oṣù Kẹrin á fọ̀ ọ́. Ní Sal, òjò tó ń rọ̀ láàárín ọdún kò tó nǹkan, ìwọ̀nba tó bá sì wá, láàárín oṣù Kẹjọ sí Ìkẹwàá ni. Iyọ̀ tó bá lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ lóṣù Kọkànlá, kò sẹ́ni tó máa bá yín fọ̀ ọ́. Omi tí ẹ̀yin fúnra yín máa fi fọ̀ ọ́ ńkọ́? Omi òkun tí wọ́n fi ẹ̀rọ yọ iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀ ni, owó lẹ sì máa fi rà á. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ tó máa gba ọkọ̀ là fi jẹ́ èyí tí a ṣe síbí, kó tó rí òkun rárá.

Hummer bus tí mò ń sọ yìí ni Toyota Hiace gígùn, olórí gíga. Gígùn rẹ̀ 5.38 mítà, ìbú 1.88, gíga rẹ̀ nǹkan bíi 2.28. Ó rọrùn láti gbàgbé pé ó jẹ́ tòkunbọ̀ tí ẹ bá fẹ́ rà á, àṣìṣe gbáà sì ni. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ti rìn ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló ń gbé. Ẹ má wo ara ọkọ̀ tí pẹ́ńtà ti kùn. Ẹ mú súkúdíráfà kékeré àti mágínẹ́ẹ̀tì dání. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì ibi àtẹ̀gùn ilẹ̀kùn sókè, ẹ fi súkúdíráfà gún igun rẹ̀. Ẹ wo ibi tí ilẹ̀kùn tó ń fà ti ń gbà lọ nísàlẹ̀, abẹ́ rọ́bà gíláàsì ẹ̀gbẹ́, inú ibi tí táyà ẹ̀yìn wà, àti etí òrùlé. Ẹ fi ìka kan páànù bí ẹni kan ilẹ̀kùn: èyí tó dáa á dún gán-an, èyí tó ti jẹrà á dún pọ̀. Ibi tí mágínẹ́ẹ̀tì ò bá ti mú, pọ́ti ni wọ́n fi dí i. Tí ẹ bá gbé rọ́bà ilẹ̀kùn kan sókè, tí ẹ rí ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn òwú lábẹ́ rẹ̀, ẹ fi súkúdíráfà tẹ̀lé ìlà náà. Tó bá dúró lórí irin líle, ó ṣeé tún ṣe. Tó bá wọlé bí ìgbà tí ọ̀bẹ wọ ẹ̀kọ, ẹ kí wọn ó dàbọ̀, ẹ máa lọ.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rà á, páńẹ́ẹ̀lì bítà á dúró sí abẹ́ rẹ̀, á ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀gá, ọ̀dà dúdú la máa fi bò ó, kò sí ohun tó lè ṣe é mọ́." Ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú sùúrù, torí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, òkun ni kò mọ̀. Ọ̀dà dúdú máa ń gan tó bá pẹ́ nínú oòrùn, á sì là. Omi iyọ̀ á gba ojú tó là wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Ìpẹtà á máa jẹ irin lọ lábẹ́ ọ̀dà, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ wò ó á rí dúdú tó ń dán, á rò pé ohun gbogbo ń lọ bó ṣe yẹ. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí: ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ abẹ́ rẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha ìpẹtà títí irin funfun fi máa yọ, ẹ jẹ́ kó gbẹ nínú oòrùn fún odindi ọjọ́ méjì. Ẹ fi ásíìdì fọsfọ́ríìkì pa ojú ibi tí ìpẹtà ti wà, ẹ fi omi ṣàn án, kó gbẹ padà, kí ẹ tó fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ epóksì kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rá irun àgùntàn, èyí tí wọ́n ń pè ní lánólìn, máa wá bò ó. Òun kì í gan. Bí òkúta bá ha á lára, ó máa ń yọ́ padà bo ojú ọgbẹ́ náà fúnra rẹ̀. Lọ́dọọdún lẹ máa tún un fi.

Wẹ́dà náà ní tirẹ̀. Kó tó tanná, kí ó yọ orí bátìrì, kó má baà jó kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ibikíbi tí wọ́n bá ti jó irin pọ̀ níta, ọ̀dà inú níbẹ̀ ti jóná, kò sì sẹ́ni tó ń rí i. Inú ni irin náà á ti máa jẹrà bọ̀ síta. Ẹ wá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn, ẹ kì í bọ ihò omi abẹ́ ọkọ̀, ẹ fọ́n lánólìn sínú gbogbo ibi tó ní ihò bí òpó. Ẹ má dí ihò omi wọ̀nyẹn. Ẹ ti wáyà bọ̀ wọ́n lẹ́yìn iṣẹ́, kí ẹ lè mọ̀ pé wọ́n ṣí.

A wá kan ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Láti ẹ̀yìn àga dírẹ́bà dé ẹnu búùtù, nǹkan bíi 3.5 mítà ni ẹ ní. Ẹ gé 60 sẹ̀ǹtímítà ẹ̀yìn kúrò níbẹ̀ fún òkun. Ẹ mọ ògiri láti ilẹ̀ dé òrùlé láàárín ibẹ̀ àti yàrá, kí ògiri náà má ní ilẹ̀kùn, kó má ní fèrèsé. Búùtù nìkan ni ọ̀nà àbáwọlé. Àwọn kan á ní kí wọ́n ṣe ilẹ̀kùn kékeré kó lè rọrùn láti inú. Èmi ò fara mọ́ ọn, torí ẹni tó bá ní ilẹ̀kùn á gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó tutù, iyọ̀ á sì bá a wọ orí bẹ́ẹ̀dì. Fóòmù tó bá ti gba omi iyọ̀ sára kò tún gbẹ dáadáa mọ́, torí iyọ̀ á máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra lálaalẹ́.

Sórí ilẹ̀ igun náà, ẹ ṣe àwo ńlá kan tó kún ìbú ọkọ̀: 150 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú, 60 ní gígùn, etí rẹ̀ 15 sókè. Kí ilẹ̀ rẹ̀ dà sí apá kan pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà méjì, kí páìpù ìńṣì kan àti ìdá mẹ́rin gba omi jáde níbẹ̀. Páìpù yẹn gbọ́dọ̀ gùn kọjá férémù ọkọ̀. Lábẹ́ ẹ̀yìn Hiace ni táyà àfikún so rọ̀ sí, bí omi iyọ̀ bá ń kán sórí ṣéènì tó gbé e, ọjọ́ tí táyà bá fọ́ ni ẹ máa mọ̀ pé ṣéènì náà ti di ìpẹtà.

Kí ni ẹ máa fi ṣe àwo yìí? Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní sìtéènìléèsì, torí pé géètì sìtéènìléèsì pọ̀ nígboro Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì ń dán fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibi tí òkun ò sí ló ti ń dán. Èyí tí wọ́n ń pè ní 304 máa ń pọ́n bí omi tíì létí òkun. 316 ló ní mọ́líbídẹ́nọ́ọ̀mù nínú, òun ló ń bá iyọ̀ jà. Ẹ má gbọ́kàn lé mágínẹ́ẹ̀tì láti mọ èwo ni èwo, kì í sábà mú ìkankan nínú méjèèjì. Ní ti bóòtù, orí rẹ̀ lẹ máa wò: A2 dọ́gba pẹ̀lú 304, A4 dọ́gba pẹ̀lú 316. Ẹ ra A4 fún gbogbo ohun tó wà níta àti nínú igun òkun. Fún àwo fúnra rẹ̀, faibagíláàsì ni kí ẹ lò, àwọn tó ń ṣe táǹkì àti bọ́ńpà ọkọ̀ mọ̀ ọ́n ṣe. Máàtì, ìyẹn aṣọ faibagíláàsì, oní gíráàmù 450 ní ìpele mẹ́ta á gba máàtì tó ju kílò méjì lọ díẹ̀, àti rẹ́sìn kílò márùn-ún sí mẹ́fà. Nínú ooru tiwa, mílílítà 10 oògùn ìgan sí lítà rẹ́sìn kan ti tó. Tí ẹ bá fi kún un kó lè tètè gan, inú abọ́ ló máa gan sí, á sì gbóná débi tó máa rú èéfín. Ìdajì lítà ni kí ẹ máa pò lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà tó dáa jù fún iṣẹ́ yìí ni ìparí oṣù Kẹwàá sí Ìkọkànlá: òjò ti ń lọ, ọyẹ́ kò tíì dé. Rẹ́sìn tó ń gan lọ́wọ́ nínú ọyẹ́ á kó eruku sára, ojú rẹ̀ á rí bí ojú ọlọ. Eruku yẹn ló máa di ihò tí iyọ̀ á fi wọlé.

Lókè àwo, ẹ gbé páìpù PVC onípọn tí ẹ ti igi bọ̀ nínú kọjá lókè, aṣọ rọ́bà ló máa rọ̀ síbẹ̀. Omi òkun Sal máa ń wà láàárín 22 sí 27 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, nítorí náà aṣọ mílímítà márùn-ún ni ọ̀pọ̀ ń wọ̀, èyí tó bá sì tutù wúwo ju bí ojú ṣe rí i lọ. Ẹ fi fáànù kékeré oní-12-fóòtì sí ògiri, kó máa fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde. Láìsí fáànù, aṣọ tí ẹ kó síbẹ̀ lálẹ́ ni ẹ máa wọ̀ ní tútù láàárọ̀, ẹni tó bá ti fi aṣọ rọ́bà tútù sára láago méje àárọ̀ mọ ohun tí mò ń sọ.

Lẹ́yìn igun òkun, 2.9 mítà ló kù. Bẹ́ẹ̀dì 1.9 ní gígùn, mítà kan fún ìdáná. Ó pé. Níbi yìí ni kí ẹ ti bá káfíńtà jókòó nípa ìwọ̀n. Hiace lófo wọn tó tọ́ọ̀nù méjì, ohun tí wọ́n sì gbà á láàyè láti rù kò ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan lọ. Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára àwo irin ẹnu ilẹ̀kùn, òun ni òótọ́ tiyín. Káfíńtà wa fẹ́ràn HDF, pákó tí wọ́n fi igi lílọ̀ tẹ̀ pọ̀, fún kọ́bọ́ọ̀dù nítorí ó máa ń tẹ́jú. Ó wúwo, ó sì máa ń wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi. "Marine board" tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀ pákó náà, orúkọ lásán ni, pákó ìdà kọnkéré ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń kan ọkọ̀ ojú omi. Pílááódù lásán oní mílímítà 9, tí ẹ kun epóksì sí etí rẹ̀ gbogbo, sàn jù ú lọ. Pátákó kan nínú rẹ̀ wọn nǹkan bíi kílò 16, oní mílímítà 18 wọn ìlọ́po méjì. Fún férémù, arère ni kí ẹ lò, ó fúyẹ́. Apá àti ìrókò lágbára, ṣùgbọ́n ilé orí ilẹ̀ ni wọ́n yẹ. Kòkòrò fẹ́ràn arère, nítorí náà ẹ fi bóráksì pa á. Oògùn ikán tó ń rùn kò yẹ nínú yàrá tí èèyàn á máa mí sí. Ẹ má sì kó fóòmù bẹ́ẹ̀dì sáàárín ògiri nítorí ooru, bí kàn-ìn-kàn-ìn ló máa ń fa omi, páànù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á dípẹtà. Fóòmù líle tí omi ò lè wọ̀ ni kí ẹ lẹ̀ mọ́ páànù, láìfi àyè sílẹ̀.

Omi ló wúwo jù nínú gbogbo ẹrù: 100 lítà ni 100 kílò. Àárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn ni kí táǹkì wà. Bó bá wà lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, iwájú ọkọ̀ á fúyẹ́, sítíárìn ò sì ní gbọ́ràn mọ́ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ìbàdàn. Kí ẹ tó gbéra, ẹ gbé ọkọ̀ náà lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn tírélà, ẹ wọn ẹsẹ̀ iwájú lọ́tọ̀, ẹ wọn tẹ̀yìn lọ́tọ̀.

Ní ti iná, ohun kan wà tí àwọn tó ń rin ilẹ̀ ńlá ò ní rò. Sal gùn tó nǹkan bíi 30 kìlómítà, ó fẹ̀ tó 12. Láti Santa Maria dé Espargos kò jìn ju Ògbómọ̀ṣọ́ sí ìlú kejì lọ. Ọkọ̀ yín á máa dúró ni, ẹ́ńjìnnì lè má ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí kó lè mú iná wá, ò ní rí àyè ṣáàjì bátìrì ilé. Sólà nìkan lẹ máa gbára lé, nítorí náà ẹ má fi owó ra ẹ̀rọ tó ń ti ẹ́ńjìnnì ṣáàjì. Páńẹ́ẹ̀lì 200 wáàtì méjì, tí oòrùn bá ràn dáadáa fún wákàtí márùn-ún, tí ẹ sì yọ ìdá mẹ́rin kúrò fún ooru àti eruku, á mú nǹkan bíi 1,500 wáàtì-wákàtí wá lójúmọ́. Firíìjì kékeré oní-12-fóòtì á jẹ nǹkan bíi 500, fáànù òrùlé tó ń jẹ 35 wáàtì á jẹ 350 ní wákàtí mẹ́wàá, iná, fóònù àti kọ̀ǹpútà á jẹ 350 mìíràn. Ó kárí, ó sì ṣẹ́kù. Ẹ̀rọ amúlétutù ò bá ìṣirò yìí lọ, afẹ́fẹ́ Sal sì pọ̀ tó pé kò pọn dandan.

Bátìrì túbúlà 200 Ah tí a ń lò fún ínfátà nílé wọn tó 60 kílò, ìdajì agbára rẹ̀ nìkan ló yẹ kí ẹ lò, ó ní ásíìdì tó lè dà nínú ìrìn, afẹ́fẹ́ tó sì ń tú jáde nígbà tí ẹ bá ń ṣáàjì rẹ̀ lè gbiná. Kò yẹ kó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì èèyàn. Lítíọ́ọ̀mù LiFePO4 méjì oní 100 Ah kò tó ìdajì ìwọ̀n yẹn, ó sì fún yín ní nǹkan bíi 2,500 wáàtì-wákàtí. Kí fíúùsì ńlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, kó má jìn ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ, torí wáyà tó wà láàárín bátìrì àti fíúùsì ni kò ní aláàbò. Ẹ sọ fún ríwáyà pé wáyà bàbà tí wọ́n fi tánganran bò ni ẹ fẹ́. Ẹ wo wáyà bàbà lásán tó ti gbé létí òkun: ẹ bó rọ́bà rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, inú rẹ̀ ti dúdú, orí rẹ̀ ti yọ ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé, tí ẹ bá fi èékánná fá a, á bu bí ewé gbígbẹ. Wáyà bẹ́ẹ̀ kì í kú lẹ́ẹ̀kan. Á máa gbóná díẹ̀díẹ̀, firíìjì á máa kú, wọ́n á ní bátìrì ló bàjẹ́.

Ti gáàsì kò gùn. Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, tó bá ń jò, ilẹ̀ ló ń sùn sí. Ẹ gbé sìlíńdà sínú àpótí tó dí sí yàrá, tó sì ní ihò ńlá nílẹ̀ tó já síta. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà: garawa tó ní ìdérí àti éérú pákó, kí ìtọ̀ wà lọ́tọ̀, ó ti tó, kò sì jẹ omi.

Kí ẹ tó gé òrùlé fún fáànù, ẹ ronú nípa ọkọ̀ ojú omi tó máa gbé e. Ẹnu ilẹ̀kùn kọ̀ǹténà oní ẹsẹ̀ bàtà 20 lásán kò ju nǹkan bíi 2.28 mítà lọ ní gíga. Hiace olórí gíga fúnra rẹ̀ ti tó bẹ́ẹ̀, ẹ kò sì tíì gbé páńẹ́ẹ̀lì lé e. Kọ̀ǹténà oní ẹsẹ̀ bàtà 40 olórí gíga, tí ẹnu rẹ̀ tó 2.58 mítà, ni yóò gbà á, tàbí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń wa mọ́tò wọ̀. Ẹ tú gáàsì dànù, ẹ dín epo kù sí ìdá mẹ́rin, ẹ sì sọ fún aṣojú ọkọ̀ náà lójú méjèèjì pé bátìrì lítíọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀, torí ẹrù eléwu ni wọ́n kà á sí, ẹni tó bá fi pamọ́ lè rí ọkọ̀ rẹ̀ ní èbúté fún oṣù gbọọrọ. Ìwé tí àdéhùn 1979 béèrè ni láísẹ́ńsì ìwakọ̀, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, ìwé adójútòfò tí orílẹ̀-èdè náà fọwọ́ sí, àti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Níbi adójútòfò ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀: Brown Card, káàdì adójútòfò ECOWAS tí a fi ń gba Kútọnu kọjá dé Dàkà kò dé Cape Verde. Adójútòfò ibẹ̀ lẹ máa ra.

Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ má wa ọkọ̀ lọ sórí iyanrìn etí òkun. Òfin kọ̀ ọ́, ìdí rẹ̀ sì tọ́. Láàárín oṣù Kẹfà sí Ìkẹwàá, ìjàpá òkun ń jáde lálẹ́ wá yé ẹyin sábẹ́ iyanrìn Sal. Táyà á tẹ ẹyin wọn fọ́, ojú ipa táyà á sì di kòtò tí ọmọ ìjàpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ò ní lè gùn jáde. Iná funfun tó ń tàn láti fèrèsé ilé yín náà máa ń ṣì wọ́n lọ́nà, wọ́n á kọjú sí i dípò òkun. Ẹ gba àyè nínú ọgbà tó ní ògiri ní Palmeira tàbí Espargos, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà lọ ìjọba ìbílẹ̀ wọn, Câmara Municipal, kí ẹ tó gbé ibẹ̀ sùn.

Ẹ kọ imú ọkọ̀ sí àríwá ìlà-oòrùn. Afẹ́fẹ́ á gbá iwájú, búùtù á wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tó dákẹ́, ìbòòji rẹ̀ á sì di òrùlé fún ẹni tó ń fọ nǹkan. Ẹni tó bá kọ ìdí ọkọ̀ sí afẹ́fẹ́, ọjọ́ tó bá ṣí búùtù ni afẹ́fẹ́ á já a gbà, apá tó gbé e ró á tẹ̀. Ẹ fi tapolíìnì bo iwájú rédíétọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, ẹ rántí ṣí i kí ẹ tó tanná.

Lálẹ́, lítà omi 15 ti tó fún ẹni méjì, tí ẹ bá tẹ̀ lé ètò. Ẹ̀rọ ìmí ló kọ́kọ́ wọ garawa, torí òun ni omi rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ jù. Ẹ nu ìdérí ẹnu rẹ̀ gbẹ kí ẹ tó dé e, ẹ má sì tẹ bọ́tìnnì tó ń tú afẹ́fẹ́ nígbà tó wà nínú omi, torí omi á gba ibẹ̀ wọnú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ọwọ́ tó ń fi bí omi ṣe jìn tó hàn, àti awò ojú, lẹ́yìn wọn ni jákẹ́ẹ̀tì tí amòòkùn ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí kó lè léfòó, kí ẹ da omi díẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ mì í, kí ẹ tú u jáde. Aṣọ rọ́bà àti bàtà ló kẹ́yìn. Omi tó kù nínú garawa ti ní iyọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n iyọ̀ rẹ̀ kò tó ti ohun tó wà lára páànù. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì mú un, ẹ fi fọ ìdè búùtù, abẹ́ rọ́bà rẹ̀, àti etí àwo faibagíláàsì. Ẹ fi àkísà tó tutù pẹ̀lú ife omi mímọ́ kan nù wọ́n kẹ́yìn, kí ẹ tó tan fáànù igun òkun, kí ẹ sì pa búùtù dé.